Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Bíbélì Kíkà: Lúùkù 10:30–37, 2 Jòhánù 12
Ẹsẹ Àkọ́sórí: 2 Jòhánù 12

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bi ara mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Lákòókò òjò kan, arákùnrin kan nínú ìdàpọ̀ wa, tó ń gbé ní Sabon Gari, kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ara òun kò yá, kí a gbàdúrà fún òun. Kíá ni "Àmín" bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Èmi náà fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́, mo sì padà sídìí ohun tí mò ń wò. Láti Bosso sí Sabon Gari kì í ṣe ìrìn àjò, síbẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú wa tó lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá oníkúnú tó ń gbé nítòsí rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣí. Òun ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyá yìí kò ní fóònù tó ń gba WhatsApp, kì í sì í ṣe ara ìdàpọ̀ wa. Nígbà tí mo wá lọ wo arákùnrin náà, ó ní gbogbo "Àmín" wa ni òun ń kà. Agbára láti dìde bu omi mu ni òun kò ní. Mo mọ ibi tí mo wà nínú ìtàn ará Samáríà.

1. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀tá. Bébà àti yíǹkì ni Jòhánù ní nígbà tirẹ̀, ó sì lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé kò lè gbé. Ó fẹ́ wá fúnra rẹ̀, kí ayọ̀ lè kún. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Minna náà kọ lẹ́tà sílé, ṣùgbọ́n bí òbí bá papòdà, wọ́n á wọkọ̀ lọ sílé.

2. Ẹ̀rọ lè dáni lóhùn, kò lè báni kẹ́dùn. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní Amẹ́ríkà gbé ELIZA jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó kàn ń yí ọ̀rọ̀ ẹni padà di ìbéèrè. Akọ̀wé rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí ọ̀gá òun jáde kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ àṣírí. ChatGPT, tó jáde ní 2022, gbọ́n ju ELIZA lọ fíìfíì. Ó lè ṣàlàyé iṣẹ́ kíláàsì fún ọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ kó mọ̀ pé ibà ń ṣe ọ́. Ọlọ́run pàápàá kò fi iṣẹ́ rírán mọ. Ọmọ Rẹ̀ gbé ara ènìyàn wọ̀, ó wá bá wa gbé (Jòhánù 1:14).

3. Kí ni ká ṣe? Bí ará kan bá ní òun ń ṣàìsàn, kí ẹni méjì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, ẹ pe ẹni tó wà nítòsí kó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "Àmín" yín.

Ìbéèrè
(a) Ta ni o fi "Àmín" dá lóhùn lọ́sẹ̀ yìí tó yẹ kí o lọ wò?
(b) Ṣé o mọ ilé tí ẹni tó ń jókòó tì ọ́ ní ìpàdé ń gbé?

Àdúrà: Olúwa, dárí àìbìkítà wa jì wá. Fún wa ní ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀lé àdúrà wa. Àmín.