Ibi Tí Aboyún Ń Gbé àti Ọ̀bẹ Dókítà

Ìbéèrè: Àbúrò mi tó wà ní São Paulo, ní Bùràsíìlì, sọ pé iṣẹ́ abẹ ni àwọn ọ̀rẹ́ òun fi bímọ. Ní abúlé wa, àánú ẹni bẹ́ẹ̀ là á ṣe. Ṣé ara wọn yàtọ̀ sí tiwa ni?

Ìdáhùn: Ìyáàfin, ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò yàtọ̀ níbìkan, ibùgbé ló yàtọ̀. Ní Bùràsíìlì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń gba èyí tó ju ìdajì àwọn ọmọ lọ, pàápàá ní ilé ìwòsàn aládàáni, níbi tí dókítà àti aboyún ti máa ń dá ọjọ́ ìbí bí ẹni dájọ́ ìgbéyàwó, kí ìrọbí tó mú un rárá. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Fortaleza, ní Bùràsíìlì kan náà, ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ní 1985 pé kò yẹ kí ìbí oníṣẹ́ abẹ ju 10 sí 15 lọ nínú 100. Àṣejù, baba àṣetẹ́!

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀: ìwádìí 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 nínú 100 ni tiwa ní Nàìjíríà, ti ìgbèríko sì kéré sí ti ìgboro. Kì í ṣe agbára wa ló fà á, àìtètè rí ilé ìwòsàn dé ni. Obìnrin tí ọmọ dábùú sí nínú, tí ọkọ rẹ̀ ń wá ọ̀kadà lóru, tí ilé ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ sì jìnnà réré, ìyẹn gan-an ni ọ̀bẹ tọ́ sí.

Bí àbúrò yín bá lóyún, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè ìdí tó fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ; kí aboyún abúlé yín náà sì tọ́jú owó ọkọ̀ kí oṣù rẹ̀ ó tó pé.