Kí Ni Géèjì Tọ́bò Ń Sọ fún Awakọ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀kọ́ físíìsì tòní dá lórí ìfúnpá afẹ́fẹ́ nínú tírélà.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ kó tó lè jó epo rẹ̀ tán. Tọ́bò ló ń fẹ́ ẹ wọlé. Èéfín gbígbóná tó ń lọ sí sálẹ́ńsà ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ọ̀pá irin so ó mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì, tó ń ti afẹ́fẹ́ tútù wọ ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí ọgbọ́n yìí ní 1905.

Báwo ni géèjì onínọ́ńbà ṣe ń mọ iye rẹ̀? Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó ń sọ ìfúnpá di fóltì, géèjì á sì sọ fóltì di nọ́ńbà. Ká sọ pé sẹ́ńsọ̀ kan ń fi 0.5 fóltì ránṣẹ́ ní 0 psi, àti 4.5 fóltì ní 40 psi. Fóltì 4 ló wà láàárín, nítorí náà fóltì 1 jẹ́ 10 psi. Tó bá fi 2.5 ránṣẹ́, ẹ yọ 0.5, ó ku 2: 20 psi nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra o! Tí géèjì bá kọ 0, kì í ṣe pé kò sí afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń tẹ̀ wá ní nǹkan bí 14.7 psi létí òkun. Ohun tó lé lórí ìyẹn nìkan ni géèjì ń kà, bíi ti fọganáísà. Torí náà 20 lórí géèjì jẹ́ 34.7 lápapọ̀.

Iṣẹ́ awakọ̀ ni kó mọ nọ́ńbà tí mọ́tò rẹ̀ máa ń kọ tí ara rẹ̀ bá dá. Bí 25 bá di 15 lórí òkè kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, bóyá rọ́bà afẹ́fẹ́ ti ya, kílíìpù ti tú, tàbí fílítà ti dí. Èéfín dúdú á máa jáde, epo á ṣòfò, ooru inú sálẹ́ńsà á lọ sókè débi tó lè ba tọ́bò àti písítìn jẹ́. Bó bá sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé fáàfù tó ń dín agbára tọ́bò kù ló há. Ìyẹn lè jó tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Tírélà tí agbára rẹ̀ tán lórí òkè kì í ṣe ewu awakọ̀ nìkan. Àwa tó wà nínú dánfó lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?

Ìdánwò: Sẹ́ńsọ̀ òkè yìí fi 3.2 fóltì ránṣẹ́. Kí ni géèjì máa kọ? Kí ni àpapọ̀ ìfúnpá? Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Press Club.