Opó Tí Ó Ké Jáde: Ẹ̀kọ́ Lórí Bí A Ṣe Ń Bọ́ Nínú Gbèsè

Ibi kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ẹsẹ 1 sí 7

Lọ́jọ́ àjọ̀dún bí irú èyí, “Ẹ kú ìnáwó” ni a fi ń kí ara wa. Àwọn kan wà láàrin wa tí kíkí náà ń gún bí ẹ̀gún, nítorí pé owó olówó ni wọ́n ń ná. Wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí fóònù bá dún, àyà wọn a já. Àwọn ni a kọ ẹ̀kọ́ yìí fún, ohun kan ṣoṣo ni a sì fẹ́ kí wọ́n mú lọ: gbèsè tí a fi pamọ́ a máa bí sí i, èyí tí a kó síwájú ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó máa ń ní òpin.

1. Ohun tí opó náà ṣe

Ọkọ obìnrin yìí wà lára àwọn ọmọ wòlíì, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé gbogbo ajigbèsè ni onínàákúnàá. Àìsàn lè fà á. Owó ilé-ìwé lè fà á. Ọjà tí ó bàjẹ́ lọ́nà lè fà á.

Ẹni tí ó yá wọn lówó ti ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ṣe ẹrú. Opó náà kò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò sì sá kúrò nílùú. Ó ké tọ Èlíṣà lọ. Ẹ kíyè sí ohun tí Èlíṣà ṣe. Kò fún un ní owó. Kò sì bá a wí. Ó bi í ní ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un, ó sì bi í ní ohun tí ó kù nílé. Obìnrin náà kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan kan, kí ó tó rántí ìkòkò òróró kan. Láti ibẹ̀ ni wòlíì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀ràn náà: kí ó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó máa da òróró.

Nígbà tí òróró dá, obìnrin náà kò sáré lọ sọ́jà. Ó padà wá jíṣẹ́ fún Èlíṣà. Ìgbà náà ni ó gba àṣẹ ìkẹyìn: kí ó tà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ nínú ìyókù. Sísan ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé oúnjẹ àwọn ọmọ. Ètò ìsangbèsè tí kò bá ní oúnjẹ ilé nínú kì í tọ́jọ́.

2. Ìwọ̀fà àtijọ́ àti ìwọ̀fà òde òní

Yorùbá mọ ohun tí opó náà ń bẹ̀rù. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni; kò dín ojú owó kù rárá. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá kí gbèsè náà sì wà bí ó ti wà. Ọjọ́ tí ojú owó bá pé ni ó tó gba ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé irú rẹ̀ ti tán. Ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ó wà ní London tàbí Houston, tí wọ́n ń fi káàdì kírẹ́díìtì rajà láwìn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè £3,000 lórí káàdì, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé oṣù kan nìkan jẹ́ £60. Bí ó bá san £70, £10 péré ni ó kan ojú owó. Bí ó bá tún fi káàdì náà ra oúnjẹ £10 lóṣù kan náà, ibi tí ó wà ló ṣì wà. Ìwọ̀fà ni.

Nílé pẹ̀lú, Orè jẹ́ oríta tí ọ̀nà Èkó, ti Bìní, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti pàdé. Owó kì í jìnnà sí oríta, bẹ́ẹ̀ ni àwìn. Àgbẹ̀ a gba owó kí kòkó tó pọ́n, a sì ṣèlérí láti tà á ní iye tí kò tó ti ọjà. Oníṣòwò a gba owó sógundógójì. Òbí a tẹ fóònù, a yáwó láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan láti fi san owó ilé-ìwé. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, a tún yá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn láti san ti àkọ́kọ́.

3. Ta ni onímọ̀, kí ni ó sì lè ṣe?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ aláàánú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ StepChange. Ọdún 1993 ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba àwọn ajigbèsè nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Breathing Space ti wà ní England àti Wales. Ó ń fún ajigbèsè ní ọgọ́ta ọjọ́ láti mí: èlé lórí ọ̀pọ̀ gbèsè a dúró, àwọn agbowó a sì dẹ́kun lílé e. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè dá wọ inú ètò náà fúnra rẹ̀. Ọwọ́ olùdámọ̀ràn tí òfin mọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ síta kò lè jẹ àǹfààní náà.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ NFCC ti wà láti ọdún 1951. Àwọn olùdámọ̀ràn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bá ajigbèsè kó gbèsè káàdì pọ̀ sí owó kan tí yóò máa san lóṣooṣù, wọ́n a sì bá àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín èlé kù. Ẹ ṣọ́ra o, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní olùgbàlà ni olùgbàlà. Láti ọdún 2010 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta irú iṣẹ́ yìí lórí tẹlifóònù kò gbọdọ̀ gba owó kí ó tó yanjú gbèsè kankan. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ béèrè owó, ẹ yẹra fún un.

Ní Nàìjíríà, irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wà.

Èkíní ni òṣìṣẹ́ báńkì àti oníṣirò owó. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti gba báńkì tí a jẹ ní gbèsè láyè láti fi nọ́ńbà BVN wa yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì wa ní báńkì mìíràn. Sísá láti báńkì kan sí òmíràn kò tún jẹ́ ibi ìsásí mọ́. Ó sàn kí a lọ kí ọjọ́ tó pé, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún ètò ìsanwó náà ṣe.

Èkejì ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1935. Owó tí èlé rẹ̀ kéré níbẹ̀ lè pa sógundógójì rẹ́, bí a bá ti lẹ̀kùn sógundógójì náà pa pátápátá.

Ẹ̀kẹta ni agbẹjọ́rò, tàbí Legal Aid Council tí ó ń ran aláìní lọ́wọ́. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó kùnà àdéhùn lásán. Èyí kì í ṣe àṣẹ láti má ṣe san gbèsè; ẹni tí ó bá sì kọ ìwé sọ̀wédowó tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni ó dá.

Ẹ̀kẹrin ni àjọ FCCPC, tí ó ń dáàbò bo oníbàárà. Ní ọdún 2022 ni ó gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù, nítorí ẹ̀sùn pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ ajigbèsè. Ibẹ̀ ni kí ẹni tí wọ́n bá ń dójú tì gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ.

4. Kí a tó lọ bá onímọ̀

Kí a sọ fún ọkọ tàbí aya wa. Kí a kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀: ta ni a jẹ, èló ni, èlé rẹ̀ ńkọ́, ọjọ́ wo ni yóò pé? Kí a kọ ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde. Kí a ṣíwọ́ yíyá òmíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ àti ilé, kí a dojú kọ gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a sì padà lọ jíṣẹ́ fún ẹni tí ó gbà wá nímọ̀ràn, gẹ́gẹ́ bí opó náà ti ṣe.

5. Ìkòkò òfìfo

Ìtìjú ni ó ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ rántí pé Èlíṣà ní kí obìnrin náà ti ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò yá a ní ìkòkò, ṣùgbọ́n wọn kò sí níbi tí a ti ń da òróró. Olùdámọ̀ràn tòótọ́ a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àṣírí ẹni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe yọ ọmọ yín kúrò níléèwé ní ìdákẹ́jẹ́ nítorí gbèsè. Ẹ kọ́kọ́ wá bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ jẹ́ oníṣirò owó, òṣìṣẹ́ báńkì tàbí agbẹjọ́rò, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan péré lọ́dún kí òbí tí ó bá fẹ́ lè kó ìwé gbèsè rẹ̀ wá bá yín. Àwọn aládùúgbò opó náà kò gbé òróró wá. Ìkòkò òfìfo ni wọ́n yá a, òun ni ó sì gba ọmọ méjì lọ́wọ́ ẹrú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìdí tí Èlíṣà fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó kù nílé opó náà?
2. Nínú gbèsè tí a ń san báyìí, èwo ni ó jẹ́ iṣẹ́ ìwọ̀fà?
3. Ta ni ẹni kan tí a lè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ owó wa fún kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?