Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Títún Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Àtijọ́ Ṣe Nínú Ilé

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti kòkó tàbí ti ẹ̀gẹ́. Ó jẹ́ ti ohun kan tí ó ti wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, tí ó sì ń jẹ owó àjẹṣẹ́kù wa láìjẹ́ pé a fura. Ohun náà ni ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́.

Gbogbo wa mọ̀ pé oríta ni Ore. Ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ti Okitipupa sì wá pàdé rẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ ojú omi bá já sí Èkó kì í pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kò fi ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ rà á. Ọmọ tí ó wà ní ìlú òyìnbó ni ó fi ránṣẹ́, tàbí kí ó jẹ́ èyí tí àwọn òbí lò rí tí wọ́n gbé jù sí kọ̀rọ̀ ilé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Ó sì lè pa ènìyàn. Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sí ilé kò ju ọ̀kan lọ: kí a yẹ ẹ̀rọ wò dáadáa kí a tó ná owó lé e, kí a má sì ṣe fi wáyà ilẹ̀ ṣeré.

ẸRỌ WO NI Ó YẸ ILÉ WA?

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ẹ̀rọ oníbáàfù méjì. Báàfù kan ń fọ aṣọ, èkejì ń yí aṣọ kíákíá títí omi yóò fi tán lára rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ń dá ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n omi tí ó ní agbára nínú páìpù ni ó ń fẹ́. Bí omi kò bá tì í, yóò dúró sójú kan bí ẹni tí ń ronú. Nínú ilé tí ó jẹ́ pé kànga ni a ti ń fa omi, ẹ̀rọ oníbáàfù méjì ni ó bá wa lára mu, nítorí pé a lè fi korobá bu omi sí i. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kò pọ̀, ènìyàn sì lè fi ojú rí ohun tí ó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ lè má ṣe wọ́n mọ́. Ilé-iṣẹ́ Hoover ṣí ibi iṣẹ́ ńlá kan sí Merthyr Tydfil ní ilẹ̀ Wales ní ọdún 1948 láti máa ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ní ọdún 2009 ni wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró níbẹ̀. Nítorí náà, kí a tó ra ẹ̀rọ àtijọ́, kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ bóyá a lè rí ti irú rẹ̀ rà.

OHUN MẸ́TA TÍ A NÍ LÁTI YẸ̀ WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

Kìíní: Ẹ ka àkọlé kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Iná ti Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240 volt, 50 Hz. Bí ẹ bá rí 120 volt, 60 Hz, ti Amẹ́ríkà ni. Ẹni tí ń tà á lè sọ pé tiráńsífọ́má yóò bá a tún un ṣe. Tiráńsífọ́má lè dín volt kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè yí 50 Hz padà sí 60. Ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀rọ náà lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì máa gbóná. Ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Èkejì: Ẹ wò ó bóyá ó ní irin tí ń sè omi gbóná nínú. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní in, ó sì lè máa fa iná tí ó tó 3000 watt. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò tó 1000 watt. Ẹni tí kò bá ní iná ìjọba tí ó lágbára, kí ó jẹ́ kí oníná já irin náà kúrò, kí ó sì máa se omi rẹ̀ lórí ààrò.

Ẹ̀kẹta: Kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná, kí ẹ sì yẹ báàfù méjèèjì wò. Bí báàfù bá ti là, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ dé ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí, kì í ṣe àtúnṣe ni ó kù mọ́.

ÀRÙN ẸRỌ KÒ PỌ̀

Àwọn àgbàlagbà wa kò gbàgbé ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé dé Ore, tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí wí pé, “Ó le kú, ìjà Ore.” Títún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe kì í ṣe ìjà Ore bí a bá mọ àmì àrùn rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n tí omi àti aṣọ kò mì, bẹ́líìtì ni kí ẹ wò. Ó lè ti já, ó sì lè ti dẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kùn bí oyin ṣùgbọ́n tí kò yí, ó lè jẹ́ pé iná kò lágbára ní àkókò náà. Bí iná bá dára, tí ó ṣì ń kùn, kapásítọ̀ ni kí ẹ fura sí. Kapásítọ̀ ni ẹ̀yà tí ó ń ti ẹ́ńjìnnì láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè pa á, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ń kùn láìyí máa ń jóná.

Bí omi kò bá jáde, ẹ wo ọ̀nà omi ẹ̀gbin. Bọ́tìnnì, owó irin àti ìpín irun ni ó máa ń dí i.

Bí báàfù tí ń gbẹ aṣọ bá ń pariwo, tí ẹ sì rí omi tí ń kán sílẹ̀ ní abẹ́ rẹ̀, róbà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí omi tó dé inú ẹ́ńjìnnì. Owó róbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá ṣí ìdérí báàfù yìí, ó yẹ kí ó dúró ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá dúró, bíréèkì rẹ̀ kò dára, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó títí a ó fi tún un ṣe. Aṣọ tí ń yí lè wé mọ́ apá ọmọdé kí ó sì ṣẹ́ ẹ.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ NÍ ODIGBO

A fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa kí ó lè di ọgbọ́n fún ẹlòmíràn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Odigbo, tí ó ń bá àwọn ènìyàn fọ aṣọ láti fi gbọ́ bùkátà, pè wá nítorí ẹ̀rọ oníbáàfù méjì kan tí ó rà. Ó ní kò fọ aṣọ mọ́. A kò tilẹ̀ tẹ́tí sí ẹ̀rọ náà. A sáré lọ ra bẹ́líìtì ní Ore. A fi bẹ́líìtì tuntun sí i, kò yí. Ìgbà náà ni a tó gbọ́ pé kíkùn ni ó ń kùn láti àárọ̀. Kapásítọ̀ ni. Owó bẹ́líìtì ti lọ, àwa ni a sì san án, nítorí ẹ̀bi tiwa ni.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ohun tí ó bà wá lẹ́rù. Bí a ti ń múra àtilọ, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun o. Ṣé ẹ ó tún bá mi wo ibi tí ó ti máa ń ta mí? Kì í ṣe nǹkan bàbàrà, bí ọwọ́ mi bá tutù nìkan ni.”

A ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.” A yọ púlọ́ọ̀gì, a ṣí i. Wáyà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Méjì péré ni a bá. Ẹni tí ó ti tún un ṣe rí ti gé wáyà ilẹ̀, èyí tí àwọn oníná ń pè ní áàtì, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ wáyà yìí? Bí iná bá jò sí ara irin ẹ̀rọ, wáyà ilẹ̀ ni ó ń fún un ní ọ̀nà láti lọ sínú ilẹ̀, kí fíúsì tàbí búrékà lè já. Bí kò bá sí i, iná yóò dúró sí ara irin, yóò máa dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ǹtì tútù, tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún omi ọṣẹ, òun gan-an ni yóò di wáyà ilẹ̀. Títa díẹ̀ tí ó ń ta ìyá wa, ìkìlọ̀ ni. Ìkìlọ̀ kì í sì í pẹ́ títí.

A pe oníná tí ó mọṣẹ́. Ó so wáyà ilẹ̀ padà, ó sì wá ibi tí iná ti ń jò: eku ni ó jẹ ara wáyà kan lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó tún yẹ ilé náà wò, ó rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ ní ihò mẹ́ta ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kò dé ilẹ̀. Ó ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, ó so ó mọ́ ọn, ó sì fi búrékà tí ń já bí iná bá ń jò sí i. Ẹ yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tiyín náà wò.

OHUN TÍ A LÈ FI ỌWỌ́ ARA WA ṢE, ÀTI OHUN TÍ Ó JẸ́ TI ONÍNÁ

A lè fọ inú ẹ̀rọ, a lè yọ ìdọ̀tí ọ̀nà omi, a lè pààrọ̀ bẹ́líìtì, a lè fi sáńdípépà ha ìpẹtà kí a sì kun ún ní ọ̀dà. Kí púlọ́ọ̀gì má ṣe sí lára iná ní gbogbo àkókò yìí. Pípa á lójú suwíìṣì nìkan kò tó.

Wáyà, kapásítọ̀ àti ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti oníná. Kapásítọ̀ lè fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, ó sì lè gbá ènìyàn. Nọ́ńbà tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, volt rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí i. Bí èyí tí ó ti pẹ́ gan-an bá ń sun òróró, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Wọ́n máa ń fi òróró kan tí à ń pè ní PCB sínú ọ̀pọ̀ kapásítọ̀ láyé àtijọ́. Ó léwu fún ara tó bẹ́ẹ̀ tí Amẹ́ríkà fi òfin de ṣíṣe rẹ̀ ní ọdún 1979.

Ẹ kíyè sí àwọ̀ wáyà pẹ̀lú. Nínú ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣáájú nǹkan bí ọdún 1970, wáyà pupa ni ó ń gbé iná wá, dúdú ni ó ń dá a padà, àwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yí i padà sí búráùn, búlúù, àti àwọ̀ ewé tí ó ní ìlà yẹ́lò. Ẹni tí kò mọ èyí lè so iná mọ́ ibi tí kò yẹ.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ kọ́kọ́ fi omi nìkan dán an wò. Ẹ gbé e lé orí pákó kí omi ilẹ̀ má bà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára aṣọ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìlagi, kí ẹ sì yẹ gbogbo àpò wò.

OWÓ ẸGBẸ́ ŃKỌ́?

Ìlànà tí àwa ń tẹ̀ lé nìyí: owó tí a fi ra ẹ̀rọ, owó ẹ̀yà rẹ̀, owó oníná àti owó ọkọ̀, bí àpapọ̀ wọn bá ju ìdajì owó ẹ̀rọ tuntun lọ, kí a fi í sílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ká ní tuntun jẹ́ ₦200,000, tí àtijọ́ sì jẹ́ ₦45,000. Ohun tí ó kù fún àtúnṣe kò gbọdọ̀ ju ₦55,000 lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan.

Ẹni tí ó yá owó nítorí ajílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀rọ kì í so kòkó, ọjọ́ sísan ẹ̀yáwó kì í sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń fi aṣọ fífọ̀ ṣiṣẹ́ jẹ, bí ìyá wa ní Odigbo, iṣẹ́ ni. Kí ìgbìmọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ sì lè fi owó díẹ̀ ra tẹ́sítà kan, kí ó sì bá oníná kan tí ó mọṣẹ́ dá owó iṣẹ́ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin àmì bẹ́líìtì tí ó já àti ti kapásítọ̀ tí ó bàjẹ́?

2. Kí ni ìdí tí tiráńsífọ́má kò fi sọ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà di ti wa?

3. Ẹni mélòó nínú wa ni ó mọ̀ dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé òun ní wáyà ilẹ̀? Kí a na ọwọ́ sókè.

4. Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa ra tẹ́sítà? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹta sílẹ̀. Bí ọwọ́ tí ó sókè kò bá pọ̀, ẹ pe oníná kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.