Kí O Tó San Owó Ẹrù Tí Wọn Ò Bá Ọ Sọ

Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi fóònù ra ọjà láti Ṣáínà ní Kétu, Ìkòsí àti Mile 12, ẹ ti pọ̀ gan-an báyìí. Ọmọléèwé ń ra bàtà, ìyàwó ilé ń ra wíìgì, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ gùn ń gbé kọ̀ntẹ́nà wọlé. Ẹkún kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo yín: ẹrù dé, owó tí wọ́n pè ju àdéhùn lọ. Ẹ gbọ́ tèmi.

1. Ṣírò kí o tó pariwo. Ẹrù tó bá ọkọ̀ òfurufú wá, wọn kì í wo ìwúwo rẹ̀ nìkan. Wọ́n ń wo àyè tó gbà. Wọ́n á wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ntímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á wá fi 6000 pín in. Àwọn tó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà, bíi DHL, 5000 ni wọ́n fi ń pín in. Páálí tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 50, tó ga ní 40, 120,000 ni. Fi 6000 pín in, kílò 20 ló jẹ́. Bó bá ṣe ìrọ̀rí ló wà nínú rẹ̀, tí òṣùwọ̀n pe kílò 7, kílò 20 náà lo máa san, olè kọ́ nìyẹn. Àmọ́ bí ajẹ́ńtì tó ń bá ọ kó ẹrù bá ti sọ 6000 fún ọ, tó wá lọ fi 5000 pín in, kílò 24 ló máa pè. Orí kílò 4 yẹn ni kó o dúró sí. Nítorí náà, sọ fún ẹni tó tà á fún ọ pé kó ya fọ́tò páálí pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀ kó tó gbé e fún wọn. Tí wọ́n bá ti tún un dì pẹ̀lú ti ẹlòmíì, kò sí ẹ̀rí mọ́.

2. Gba ìwé owó tó to ohun gbogbo lọ́kọ̀ọ̀kan: owó ọkọ̀, owó ibodè, owó èbúté, owó iṣẹ́ ajẹ́ńtì. "Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀" kì í ṣe èsì. Báńkì ni wọ́n ń san owó ibodè sí, torí náà ìwé rẹ̀ wà. Wọ́n lè ní owó ojú ọ̀nà ni èyí tí kò ní rìsíìtì. Ó dáa, kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ kí ẹrù tó kúrò ní Guangzhou?

3. Kọ ẹjọ́ rẹ sílẹ̀. Ariwo orí fóònù kì í ṣe ìwé.

4. San èyí tó o gbà pé o jẹ, kó o sì kọ ọ́ pé o ò gba ìyókù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè di í mú títí owó yóò fi pé, ọjọ́ sì ń lọ. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá sí èbúté Apapa tàbí Tin Can, ẹni méjì ló ń ka ọjọ́ mọ́ ọ lọ́rùn: oníkọ̀ntẹ́nà ń ka dẹ́mọ́réèjì, ìyẹn owó kọ̀ntẹ́nà tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, èbúté ń ka owó ilẹ̀ tí ẹrù wà. Lẹ́tà tó o kọ sí ọ̀kan kò dá èkejì dúró. Mo ti rí ìjà tí owó ilẹ̀ ju owó tí wọ́n ń jà lé lórí.

5. Dọ́là ńkọ́? Bó o bá ṣí Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń ṣí ní báńkì láti kó ẹrù wọlé, CBN, báńkì àpapọ̀, ti pàṣẹ ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé iye dọ́là ọjọ́ tó o ṣí i ni kọ́sítọ́ọ̀mù yóò fi ṣírò owó ibodè rẹ. Ẹni tó ń kó ẹrù pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì kò ní Form M. Kó yáa bá ajẹ́ńtì fohùn sí i, ṣé dọ́là ọjọ́ tí ẹrù gbéra ni àbí ti ọjọ́ tó dé.

6. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, kó ìwé rẹ lọ sí Nigerian Shippers' Council ní Apapa. Láti 1978 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ẹrù, ọdún 2014 ni ìjọba sì ní kó máa ṣọ́ iye tí wọ́n ń gbà ní èbúté. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ní kí àwọn oníléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dín owó kan kù. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ékòó, adájọ́ dá Council láre ní oṣù Kejìlá. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, kalẹ̀ tún wà fún ẹni tó ra nǹkan fún ìlò ara rẹ̀.

7. Má bú ajẹ́ńtì. Bí a ti ń jà, bí i ti ká kú kọ́. Ó lè jẹ́ òun náà ni wàá tún pè lọ́dún tó ń bọ̀.

8. Ìwọ tó o gba kọ̀ntẹ́nà, owó ìdógò tó o fi lé oníkọ̀ntẹ́nà lọ́wọ́ ńkọ́? Dá kọ̀ntẹ́nà tó ṣófo padà, gba ìwé ìdápadà, kó o sì lọ béèrè owó rẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń bá wọn jà lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, tó sì gbàgbé owó ìdógò yẹn síbẹ̀.