Èéfín Ni Kí Panápaná Kọ́kọ́ Wò

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1987, iná ràn lábẹ́ àtẹ̀gùn onígi tó ń fúnra rẹ̀ rìn ní ibùdókọ̀ ojú irin King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù. Lójú àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò ju páálí ńlá tó ń jó lọ. Nígbà tó di aago 7:45 alẹ́, ó bú gbàù wọ gbọ̀ngàn tíkẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn 31 ló kú, ọ̀gá panápaná Colin Townsley sì wà lára wọn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ọ̀dọ́ panápaná má tẹjú mọ́ ọwọ́ iná nìkan.

Bí èéfín dúdú bá ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà, tí ahọ́n iná ń yọ nínú rẹ̀, tí ooru sì ń tẹni mọ́lẹ̀, gbogbo yàrá ti fẹ́ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Kí panápaná náà lọ sílẹ̀, kí ó fọ́n omi wínníwínní sókè, kí ó sì tètè padà sẹ́nu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni aṣọ iṣẹ́ lè fi gbà á.

Ní Sweden, inú kọ̀ntéínà irin ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọṣẹ́ láti dá àmì wọ̀nyí mọ̀.