Ẹ̀TẸ́: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ ÀTI ÌLÒ RẸ̀

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń sọ pé ìwà ẹnì kan kò tẹ́ àwùjọ lọ́rùn, kò sí èyí tí a ń bẹ̀rù tó ẹ̀tẹ́. Bí ilé bá jó, a lè tún un kọ́. Bí òwò bá bàjẹ́, a lè tún un dá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tà létí ìgbìmọ̀ mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò máa lo ọ̀rọ̀ yìí níwájú ọmọdé, ó yẹ kí a mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dájú.

Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe náà, tẹ́, ni a ti mú un jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti mú ẹ̀gàn jáde láti inú gàn. A ń sọ pé, "Ó tẹ́ lọ́wọ́ àna rẹ̀," tàbí, "Ó tẹ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀." Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn tàbí ojú ẹlòmíràn ni ènìyàn ti ń tẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè tẹ́ ní òun nìkan nínú yàrá.

Ẹ̀tẹ́ ní àwọn aládùúgbò tí a kò gbọdọ̀ fi pè é. Èkíní ni ìtìjú, tí ó wá láti inú tì àti ojú. Ojú lè ti ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ṣe. Nítorí náà, inú ni ìtìjú ti ń bẹ̀rẹ̀. Òde ni ẹ̀tẹ́ ti ń wá. Èkejì ni ẹ̀gàn. A lè gan ẹni tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí aṣọ rẹ̀ tàbí nítorí ilé tí a bí i sí. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́gàn ni, kì í ṣe ti ẹni tí a gàn. Ẹ̀kẹta ni àbùkù, láti inú bù àti kù: a bù nínú iyì ẹni, ó dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀sín, ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn fi ń tẹ̀lé ẹni tí ó ti ṣubú. Òun ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi wí pé ikú yá ju ẹ̀sín.

Òwe kan sì sọ baba tí ó bí ẹ̀tẹ́ fún wa: "Àṣejù, baba àṣetẹ́." Òwe náà kò wí pé òṣì ni baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wí pé àìsàn ni. Ìwà tí ó rékọjá ààlà ni. Bí a bá fẹ́ lo ẹ̀tẹ́ bí ó ti tọ́, a ní láti lè tọ́ka sí ohun tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo Odigbo àti Ọ̀rẹ̀. Odigbo jẹ́ ìlú àtijọ́ tí Orunja ń jọba lé lórí. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, bí ọlọ́jà kan bá tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú kí gàrí má bàa pọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti gbọ́. Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, jẹ́ oríta ní tirẹ̀. Ọ̀nà Èkó, ti Benin, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa pàdé níbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò sì ń sọ̀kalẹ̀ jẹun, wọ́n a sì tún wọkọ̀ lọ. Kí ẹni tí a rẹ́ jẹ tó tú ẹrù rẹ̀ wò, ó ti dé Benin. Ta ni ọlọ́jà náà yóò tẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Níbi tí ojú tí ó mọni kò sí, ẹ̀tẹ́ kò lè ṣọ́jà. Ìtìjú nìkan ni ó lè ṣọ́ ọ.

Ọ̀rẹ̀ kan náà tún kọ́ wa pé ohun tí ẹnu ènìyàn lẹ̀ mọ́ni kì í ṣe ẹ̀bi ẹni nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra la ilẹ̀ Benin kọjá dé Ọ̀rẹ̀, ìjà gbígbóná sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàrin wọn àti àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Kì í ṣe àwọn ará ìlú ni ó dá ogun sílẹ̀, síbẹ̀ orúkọ ìlú wọn ni ẹ̀rù so mọ́.

Èyí mú wa dé orí àmì ohùn. Ẹ̀tẹ́, tí ohùn rẹ̀ lọ sókè ní ìparí, ni ohun tí a ń sọ bọ̀. Ẹ̀tẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ méjèèjì, ni àrùn. Ètí dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn wa ti pa wọ́n pọ̀ pẹ́. A ń pa òwe pé adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè yí i dànù, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1873 ni Hansen, oníṣègùn ará Norway, rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa lo oògùn mélòó kan pọ̀ fún un, láàrin oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìlá. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà láti ọdún 1995. Ẹni tí kòkòrò mú kò ṣe àṣejù kankan. Kò sì tẹ́. Ẹni tí ó fi í ṣẹ̀sín ni ó wà lẹ́bàá àṣetẹ́. Pẹ̀lúpẹ̀lú, ìbẹ̀rù ẹ̀sín ni ó ń mú kí aláìsàn fi ara pamọ́ títí ìka rẹ̀ yóò fi bàjẹ́, nígbà tí ìtọ́jú ìbá ti gbà á là.

Kí ni olùkọ́ yóò ṣe? Ọmọ tí a dá dúró síwájú kíláàsì kí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ máa hó lé e lórí kọ́ ohun kan ṣoṣo: kí ojú ènìyàn má ṣe tó òun nígbà mìíràn. Ọmọ tí a pè sí ìkọ̀kọ̀, tí a fi ìwà rẹ̀ hàn án, lè kọ́ ìtìjú, èyí tí yóò bá a dé oríta gbogbo.

Ìdánwò: (1) Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àbùkù àti ẹ̀tẹ́. (2) Lo tẹ́ àti gàn nínú gbólóhùn méjì-méjì. (3) "Ẹni tí ojú ń tì kì í tètè tẹ́." Ṣàlàyé.